Bàtà Ilé Wa

Nílé wa ní Chatham, bàtà kì í kọjú sí ògiri.
Alaalẹ́ ni Màámi Lafíníà ń yí wọn,
imú síta, okùn ní títú.
Mo bi í nídìí. "Bá a ti ń ṣe é nìyẹn."
Ìyá tirẹ̀ náà ò mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kẹsáyà ló mọ̀:
gbígbó ajá ti dé ẹ̀yìnkùlé ní Kẹ̀ntọ́kì
kó tó ráyè wá bàtà.
Ẹsẹ̀ lásán ló fi tẹ yìnyín odò Detroit kọjá,
ó fi ọmọ ìka méjì san owó ibodè fún òtútù.

Lánàá, mo gba kọ́kọ́rọ́ ilé tèmi,
orúkọ mi gàdàgbà nínú ìwé.
Ọmọ mi ti sùn. Ọmọ ọdún mẹ́rin.
Ta ló ń lé e?
Síbẹ̀ mo ká ara mi mọ́ ìdí ilẹ̀kùn, lórí ìkúnlẹ̀,
mò ń tú okùn bàtà rẹ̀.