Kóńmà Orí Ẹ́sì

Ní Àtíkòrí, níbi tí ẹ̀rọ ìlagi kì í jẹ́ kí àkùkọ kọ tán,
bàbá mi ń fi búrọ́ọ̀ṣì kọ orúkọ ènìyàn sára pátákó:
ẹyọ lẹ́tà kan, náírà mẹ́ta.
Kóńmà àti àmì yòókù, èènì ni.

Bàbá Odùfúwà onípákó kú nígbà òjò,
ó fi ọmọkùnrin mẹ́ta sáyé, àti àgọ́ pákó kan lọ́nà Òru.
Wọ́n ní ká kọ ọ́ gàdàgbà: ODUFUWA SONS PLANK.
Lọ́jọ́ kejì, Kúforíjì àkọ́bí yọ nírọ̀lẹ́, ó gbé gàárì dání,
ó ní, "Ẹ bá mi fi kóńmà kan kọ́ sókè níbẹ̀,
kó ṣíwájú ẹ́sì."
Kílẹ̀ tó mọ́, Ṣórẹ̀mí àti Bánmẹ́kẹ́ ti ń kanlẹ̀kùn:
"Ẹ̀yìn ẹ́sì ni kẹ́ ẹ kọ́ ọ sí o. Ẹ̀yìn!"

Ìwé mẹ́fà péré ni bàbá mi kà,
ṣùgbọ́n ó mọ òfin kóńmà bí ẹni tó mọ ààlà oko bàbá rẹ̀.
Tó bá ṣíwájú ẹ́sì, ọmọ kan ṣoṣo ló jogún;
tó bá tẹ̀lé e, gbogbo wọn ni.
Èmi tí mo di agolo ọ̀dà mú, mo wo ohun tí wọ́n ń jà sí:
kò tó èékánná ọmọ tuntun,
ó sì fẹ́ gbé odidi ẹ̀rọ ìlagi mì,
pẹ̀lú àfàrà mọ́kànlélógún tí ò tíì gbẹ.

Ìyá wọn wá fúnra rẹ̀. Kò mọ̀wé.
Ó ní kí wọ́n fi ìka tọ́ ọ sí òun.
Bàbá mi fi ìka tọ́ ọ: síhìn-ín ẹ́sì, sọ́hùn-ún ẹ́sì.
Ó wò ó títí.
"Èyí bí eṣinṣin yìí?
Èmi tí mo bí wọn, mo ń sọ pé pákóo Bàbá wọn,
mo ń sọ pé ajáa Kúforíjì, bàtàa Bánmẹ́kẹ́,
mi ò kọ́ nǹkan kan sórí ẹnikẹ́ni.
Mo kàn fa ohùn díẹ̀ ni,
ẹni tó ni nǹkan á sì mọ̀ pé òun ló ni ín."

Òótọ́ ni. Mo dán an wò lábẹ́ ahọ́n:
agoloo Bàbá. Búrọ́ọ̀ṣìi Bàbá.
Èémí kékeré kan tí a kì í sábà kọ sílẹ̀,
òun ni ìwé ẹ̀rí tiwa.

Nígbà tí oòrùn kàntàrí, bàbá mi gun àkàsọ̀.
Ó ti búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà pupa, ó mí kanlẹ̀,
ó mú kóńmà náà jókòó sí góńgó orí ẹ́sì ìkẹyìn,
bí àdàbà lórí òrùlé.
Kúforíjì wò ó, ó ní iwájú ni.
Àwọn àbúrò wò ó, wọ́n ní ẹ̀yìn ni.
Ìyá wọn ti kọjá, ó ń lọ ka pákó tó ṣẹ́kù.
Náírà méjìdínláàádọ́ta la gbà. Kò gbowó kóńmà.

Lónìí, ní Òkè-Ṣópín, mo ń máàkì ìwé àwọn ọmọ kíláàsì mi.
Ọmọ kan tó ń jẹ́ Odùyẹmí gbé tirẹ̀ lé ẹ́sì lórí gan-an.
Bíírò pupa mi ti ń sọ̀ kalẹ̀, ó dúró.
Mo bi ara mi pé,
ta ló kú nílé wọn?