Ìka Mẹ́wàá Kò Sùn

Oorun dé ẹnu ọ̀nà mi lálẹ́ àná,
ó bọ́ bàtà, ó ti ẹsẹ̀ kan wọlé,
ni oríkèé ọwọ́ ọ̀tún mi bá kígbe.
Oorun gbé bàtà rẹ̀, ó bá tiẹ̀ lọ.
Mo gbọ́ ọ ní yàrá kejì, lọ́dọ̀ Mọnsúrátù ọmọ mi,
tó ń hanrun bí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ Àgbòwá.
N ò bínú sí i.
Ìlara díẹ̀ ni.

Aago méjì. Pópó-Òbà ti dákẹ́,
ó ku ajá kan, òun náà ò mọ ohun tó ń gbó mọ́.
Mo gbé ọwọ́ òsì lé ìrọ̀rí, ó ní ó ga jù.
Mo sọ ọ́ kalẹ̀ sórí ẹní, ó ní ilẹ̀ tutù.
Mo kó méjèèjì sábẹ́ abíyá bí ẹyin adìẹ,
èjìká ní, "Èmi ńkọ́?"

Ọwọ́ yìí kan náà ló hun àwọ̀n fún ọgbọ̀n ọdún
létí ọ̀sà, lẹ́yìn ọjà Olúwo.
Mo ń ta kókó nínú òkùnkùn, mo ń tú u nínú òkùnkùn.
Lónìí bọ́tìnnì kan ṣoṣo ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Dókítà Jẹ́nẹ́rà ní, "Màmá, àwọn ọmọ ogun ara yín ni,
wọn ò mọ onílé yàtọ̀ sí olè mọ́."
Ó bi mí, "Wákàtí mélòó lẹ ń sùn?"
Mo ní, "Dókítà, ta ló ń kà á?"
Irọ́ ni mo pa. Èmi ni mò ń kà á:
méjì ààbọ̀, tí mo bá ro èyí tí mo sùn lórí àga mọ́ ọn.
Ìrora ò jẹ́ n sùn,
àìsùn náà tún ń koná mọ́ ìrora.
N ò mọ èwo ni ìyá, n ò mọ èwo lọmọ;
abọ́ kan náà ni wọ́n jọ ń lá.

Ládàánì Òkè-Balógun gbé ohùn sókè:
"Ìrun sàn ju oorun lọ!"
Mo ní, ẹni tó rí oorun ni kẹ́ ẹ máa sọ ọ́ fún.
Mo yára tọrọ àforíjì.

Mo nawọ́ sí bútà àlùwàlá,
ọwọ́ gan bí ẹja yíyan.
Mọnsúrátù ti bu omi lọ́wọ́ọ́wọ́ sínú abọ́, kò sọ̀rọ̀,
ojú rẹ̀ ṣì wú fún oorun.
Ó ri ọwọ́ mi sínú rẹ̀,
ó ń tú àwọn ìka náà lọ́kọ̀ọ̀kan
bí mo ṣe kọ́ ọ láti tú àwọ̀n tó lọ́ pọ̀:
má fà á, máa bẹ̀ ẹ́.
Àtàǹpàkò ló kọ́kọ́ gbà.