Agolo Yanrìn

Ní South Shields, oòrùn oṣù Kejìlá
dà bí àlejò tí kò bọ́ bàtà:
ó yọjú ní fèrèsé, ó ní òun ń lọ.
A ò tíì palẹ̀ abọ́ ọ̀sán mọ́,
ìrun Àsárì ti dé, Màgàríbì ń tẹ̀ ẹ́ ní gìgísẹ̀.

Bàbá Músíìdì ni mo ń tọ́jú.
Èmi ọmọ Ṣakí, òun ará Yámánì
tó fi ogójì ọdún bọ́ iná inú ọkọ̀ òkun.
"Ní ilé wa," ló máa ń wí,
"oòrùn kì í kanlẹ̀kùn kó tó wọlé.
Omi wọ́n, yanrìn la fi ń ṣàlùwàlá.
Bí àjèjì bá yọ lókèèrè,
kọfí ti wà lórí iná.
Ta ní í bi ebi lórúkọ?"

Agolo kan wà lórí ẹ̀rọ amúlégbóná rẹ̀,
ó kún fún yanrìn.
Mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ó lọ́wọ́ọ́wọ́.
Mo rí ọ̀nà tí n kò rìn rí,
ọmọdé ń da ewúrẹ́ bọ̀,
ladáànì ń pèrun lórí òkè pupa.

Sàmíhà ọmọ rẹ̀ sìn mí dé ẹnu ọ̀nà:
"Ti Yámánì ti dà nù lọ́dún tí a kó ilé.
Etí òkun ìsàlẹ̀ yìí ni mo ti bu èyí."

Mo dákẹ́.
Lọ́jọ́ kejì, bí mo ṣe ń nu ẹsẹ̀ rẹ̀,
bàbá rẹ́rìn-ín: "Yanrìn yìí ń ṣòórùn ẹja.
Jọ̀ọ́, sún un mọ́ iná díẹ̀ sí i."