Ẹni Tó Ń Kà Ní Géètì Kẹta

Ìdájí ni wọ́n ti fi irin kékeré kan lé mi lọ́wọ́,
ó wọ àtẹ́lẹwọ́ mi rẹ́gí bí ẹyin àparò.
Bí ènìyàn kan bá wọlé, kí n tẹ̀ ẹ́: kẹ́.
Bí méjì bá jọ wọlé: kẹ́-kẹ́.
Iṣẹ́ òòjọ́ mi nìyẹn ní Màrínà, lọ́jọ́ eré mọ́tò.
Màmá mi ì bá wà láyé, ì bá gbá mi létí.
Ní Ìta Fáàjì, bí mo bá nàka sí àwọn àbúrò mi,
ení, èjì, ẹ̀ta, á ní,
"Tìámíyù, a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ."
Ẹ foríjì mí, Màmá. Ẹgbẹ̀rún méje náírà ni.

Ọ̀kẹ́ kan tíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n tẹ̀.
Kí ọjọ́ mẹ́rin tó pé, ó ti tán;
ó tán lóòótọ́, tàbí ó wọ abẹ́ ìrọ̀rí àwọn kan
tí wọ́n sàba lé e bí adìẹ, tí wọ́n ń retí kí ojú wa pọ́n.
Ojú wa pọ́n.
Ẹgbẹ̀rún márùn-ún di márùnlélógún lẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́,
ẹni tó ń tà á ò sì wo ojú ẹni tó ń rà á.
Gbọ́láwọlé tó ń lẹ táyà ní Òkè Súnnà
ta ẹ̀rọ tó fi ń fẹ́ atẹ́gùn.
Mo ní, "Kí lo máa wá fi jẹun lọ́la?"
Ó ní láti kékeré lòun ti ń tọ́jú táyà aláìsàn,
òun fẹ́ rí èyí tí ara rẹ̀ yá, lẹ́ẹ̀kan, kóun tó kú.

Kẹ́. Kẹ́. Kẹ́-kẹ́-kẹ́.
Wọ́n ń ti Ìdúmọ̀tà bọ̀, wọ́n ń ti Ẹ̀bútè Mẹ́ta bọ̀,
arúgbó tó gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ dání,
àwọn ọmọ iléèwé tí wọ́n mú tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo lọ́wọ́,
tí wọ́n ń bá mi jiyàn pé ẹni mẹ́ta ni.
Ẹ̀yìn ni mo kọ sí eré.
N kò rí mọ́tò kankan. Ojú wọn ni mo fi rí i:
ariwo á ti apá Oníkan bọ̀, á mú eyín mi gbọ̀n,
gbogbo orí á yí lẹ́ẹ̀kan náà, bí ewé kókò nínú ìjì,
ẹnu á là, á sì gbàgbé láti pa dé.

Ṣùgbọ́n ta ló ń ka ti òkè?
Ìyá Sàlámótù, onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì Odúnlámì,
ti fi ẹfun kọ iye owó sára ògiri:
fèrèsé, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Bálíkónì, mẹ́rin.
Òrùlé, ẹgbẹ̀rún kan; bí o bá já, ìwọ àti páànù lẹ jọ mọ̀ ọ́n.
Àwọn kan wà lórí igi àgbọn,
àwọn kan nínú ọkọ̀ ojú omi lórí ọ̀sà, wọn ò rí nǹkan kan,
wọ́n kàn ń hó nígbà tí a bá hó.
Irin mi ò mọ̀ wọ́n.

Oòrùn ti kàn wá látàrí
nígbà tí bàbá kan gbé ọmọbìnrin rẹ̀ kọ́rùn wọlé.
"Ọmọ ọrùn kì í gba tíkẹ́ẹ̀tì," ló wí. Mo gbà.
Àtàǹpàkò mi ti sáré jù mí lọ.
Mo wo irin. Ojú mẹ́rin péré ló ní;
ẹgbàárùn-ún dín ẹyọ kan ló wà níbẹ̀ kí ọmọ náà tó dé.
Ó dé, gbogbo rẹ̀ di òfo,
òfo mẹ́rin, wọ́n tò bí ẹnu ẹja.
Ó juwọ́ sí mi, áísíkiriìmù ń ro sí bàbá rẹ̀ lórí.

Nírọ̀lẹ́, ẹ̀rọ gbohùngbohùn ní ọ̀kẹ́ mẹ́ta ni wá.
Ọlọ́pàá ní irọ́ ni, a ò tó méjì.
Akọ̀wé, Ọ̀gbẹ́ni Akínrìnmádé, mú bírò tọ̀ mí wá:
"Mélòó ló wọlé lọ́dọ̀ tìrẹ?"
Mo fi irin hàn án: irínwó ó lé méjìlá.
Ó wò mí. Ó wo ilẹ̀ tí ọ̀rá omi bò bí èèpo ẹ̀pà.
Ó kọ nǹkan kan sílẹ̀. N ò bi í.

Gbọ́láwọlé ló jáde gbẹ̀yìn, ohùn rẹ̀ ti há,
ó di ègé rọ́bà dúdú kan mọ́wọ́,
ó ní ó ṣì gbóná,
ó ní kí n gbóòórùn rẹ̀.

Mo délé, àwọn ọmọ ti sùn lórí ẹní.
Àtàǹpàkò mi ṣì ń mì.
Mo tì í bọ àpò.