Mò Ń Bọ̀

Ọyẹ́ ti la ètè wa, páànù òrùlé ń dún tàù tàù
ní kíláàsì tó kẹ́yìn sí ọ̀nà Aké.
Tísà Ṣówèmímọ́ fi ṣọ́ọ̀kì pín ọ̀la sí méjì lójú pátákó:
ṣáàlì fún èmi àti àwa,
wíìlì fún gbogbo ayé tó kù.
"Ẹ má dà wọ́n pọ̀ o. Máàkì méjì ni àṣìṣe ibẹ̀."

Lẹ́yìn náà ló mú gòín-tù jáde,
ó ní ìyẹn wà fún ohun téèyàn ti pinnu,
àti fún òjò tó ti ṣú sójú ọ̀run.
Ó tún ní Òyìnbó a máa fi òní sọ ọ̀la
bó bá ti di ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú irin:
ọkọ̀ ń gbéra láago mẹ́jọ àárọ̀ ọ̀la,
bí ẹni pé ó ti ń fọn fèrè lọ́wọ́.
A bú sẹ́rìn-ín.
Ta ló rí rélùwéè Láfẹ́nwá tó gbéra láago mẹ́jọ rí?

Ìbíwùnmí nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó nàwọ́ sókè,
bọ́tìnnì ọrùn aṣọ rẹ̀ ti já.
"Sà, bí èèyàn bá wọkọ̀, tó ní 'mò ń bọ̀',
tó sì jẹ́ pé lílọ ló ń lọ,
èwo la ó fi kọ ọ́ nínú wọn?"

Tísà wo pátákó. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ tó funfun.
Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé bàbá rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀
lójú fèrèsé ọkọ̀ tó ń lọ Kàdúná,
àpótí kan, ìrọ̀rí kan,
ọdún mẹ́ta sì ti gba orí afárá kọjá.

Lédè tiwa, "yóò" ń yọ̀ lẹ́nu bí ilá,
ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ sẹ́ ẹ, "kò ní" la ń wí:
kò ní wá,
kò ní owó,
kò ní bàbá.
Ẹnu kan náà la fi ń sọ ọ́.

Tísà nu pátákó láti òkè wá sílẹ̀,
wíìlì kan ṣẹ́ kù sí igun, kò rí i.
"Kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́," ó ní.
"Má fi àmì ìdánudúró sí i."

Nígbà tí ìdánwò dé, ìbéèrè Ìbíwùnmí kò jáde.
Ṣáàlì ló jáde.
Mo fi wíìlì dáhùn, mo pàdánù máàkì méjì.