Aṣọ Tó Ya Kó Tó Jáde

Wọ́n ní labalábá tó bá dìgbò lu ẹ̀gún,
aṣọ rẹ̀ á fàya.
Èyí tí mo rí lẹ́bàá igbó Sokoke
kò tíì fojú kan ẹ̀gún rí.
Inú àwọ̀n Mbodze ni wọ́n bí i sí,
lábẹ́ igi ọsàn wẹ́wẹ́, láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì:
apá ọ̀tún rẹ̀ tẹ́ bí ewé tuntun,
tòsì ká kò bí ìwé tí ọmọdé rún mọ́wọ́
nígbà tí olùkọ́ wọlé.

Mbodze kò sunkún. Ó kàn jókòó.
Ogójì àpò ló ti tò sínú páálí lọ́sẹ̀ náà,
òkè òkun ni wọ́n ń lọ, sínú ilé onígíláàsì
tí àwọn èèyàn ti ń sanwó wo ìyẹ́.
Ẹni tó ń rà á kì í ra èyí tó wọ́.
"Ìyá àgbà, mélòó ló kù tó máa rí báyìí?"
"Bi àpò léèrè, Thoya. Bó bá dáhùn, wá pè mí."

Ó wá ń rò ó lóhùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.
Bóyá afẹ́fẹ́ Kaskasi ni, tó gbẹ ọ̀rinrin inú àwọ̀n.
Labalábá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ìyẹ́ rẹ̀ á rọ̀ bí aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fún;
á rọ̀ dirodiro, á máa ti omi ara rẹ̀ sínú iṣan apá
díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń fẹ́ atẹ́gùn sí bàlúù.
Bí ó bá gbẹ kó tó nà tán,
bó ṣe ká náà ló gbẹ sí. Ó parí.

Tàbí àyè ni kò gbà á?
Mo so wọ́n súnmọ́ra jù, nítorí owó.
Tàbí èyí tó já bọ́ lọ́jọ́ Ajé ni,
tí mo fi àtè lẹ̀ padà?
Tàbí ẹnì kan fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò?
(Thoya ń wo ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀.)
Tàbí àrùn kan tó kéré ju eruku lọ,
tí ìyá rẹ̀ tò sára ẹyin láìmọ̀?
Ó ti tó ìran mẹ́fà tí a kò mú àjèjì wọlé láti inú igbó,
ẹ̀gbọ́n ń fẹ́ àbúrò nínú àwọ̀n mi.

Ọ̀kan wà tí kò sọ síta:
oògùn tí Karisa fọ́n sí káṣú rẹ̀,
tí atẹ́gùn gbé kọjá ọgbà.
Karisa ló san owó ilé ìwé Thoya.

Nígbà tó dìde, ó fi omi rin àkísà, ó fi kọ́ ẹ̀gbẹ́ àwọ̀n.
Ó tú àwọn àpò ká, ó já ewé níbi tó jìnnà,
ó rán ọmọ lọ sígbó lọ mú ìyá tuntun wá.
Gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo.
Nítorí náà, bí àwọn tó kù bá jáde tí ìyẹ́ wọn nà,
kò ní mọ èwo gan-an nínú ẹ̀ṣẹ̀ náà ni tirẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́, èyí tó ká apá
ń mu omi ṣúgà lórí èékánná Thoya.
Ahọ́n rẹ̀ nà tààrà.
Ibẹ̀ nìkan ni kò wọ́.