Ẹ̀wù Kóòṣì

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Lyle Novotny fi fọn fèrè
lórí pápá tó wà lẹ́yìn àká àgbàdo onírin.
Nínú oṣù Èrèlé, orúnkún rẹ̀ ní ó tó gẹ́ẹ́.
Ó kó kọ́kọ́rọ́ lé tábìlì ọ̀gá ilé-ìwé,
ó gbé ìyàwó rẹ̀ sọ́kọ̀, ó dorí kọ Arisónà
níbi tí yìnyín kì í ti í bá eegun jà.
Ẹ̀wù òtútù rẹ̀ ló gbàgbé sọ́dọ̀ mi.

Èmi Marlys, èmi ni mò ń fọ aṣọ àwọn ọmọ náà.
Bọ́ọ̀lù tiwa kì í ṣe ti ẹsẹ̀:
ó ṣe ṣóńṣó lórí, ó ṣe ṣóńṣó nídìí,
àyà ni wọ́n ń gbá a mọ́ bí ọmọ tuntun
kí wọ́n tó fi èjìká ya odi ènìyàn.
Mo mọ ẹni tó ṣubú síwájú, mo mọ ẹni tó sá:
koríko kì í parọ́ lára ṣòkòtò.

Ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni márùn-ún jókòó ní yàrá ìkàwé.
Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀: a ń wá akọ́nimọ̀ọ́gbá
tó lè kọ́ ọmọ ní ìṣirò, tó lè wa bọ́ọ̀sì,
tí kò ní wo owó oṣù lójú.
Ìwé náà lẹ̀ mọ́ fèrèsé ilé epo
títí oòrùn fi jẹ ìdajì ọ̀rọ̀ inú rẹ̀.

Ẹni kìíní ti Omaha wá, bàtà rẹ̀ ń dán.
Ó ní, "Ọmọ mélòó lẹ ní?"
A ní mẹ́tàdínlógún, bí apá ọmọ Hruska bá jinná.
Ó rẹ́rìn-ín. Kò tíì rẹ́rìn-ín tán tó fi tan ọkọ̀.

Ẹni kejì kò yọjú; fídíò ló fi ránṣẹ́,
ó ń jágbe mọ́ ọmọ ọlọ́mọ, itọ́ ń ta lẹ́nu rẹ̀.
Vernelle Dietz pa á láàárín méjì.
"Ọmọ tèmi ti ní bàbá tó ń jágbe," ló wí.
Gbogbo wa ń wo ọwọ́ ara wa.

Ẹni kẹta buwọ́ lùwé. A ṣe kéèkì.
Ní ijọ́ kẹrin, tẹlifóònù dún:
ìyàwó rẹ̀ ti wá wo ìlú, ó ka àwọn ṣọ́ọ̀bù tó ti kógbá sílé,
ó ní òun ò lè sùn níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń hu bí ajá.
A jẹ kéèkì náà ṣá.

Oṣù Ògún dé, àgbàdo ga ju ènìyàn lọ,
àwọn ọmọ ń sáré yí pápá ká láìsí ẹni tó ń kà.
Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọkọ̀ akẹ́rù kékeré dúró lẹ́bàá ọ̀nà.
Efraín Beltrán, tó ń ṣiṣẹ́ òru níbi tí wọ́n ti ń pa màlúù,
sọ̀ kalẹ̀ tòun ti bàtà rọ́bà funfun.
Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó di ọmọ Hruska lọ́rùn ọwọ́,
ó tẹ ìgúnpá rẹ̀ sínú. "Báyìí. Tún un ṣe."
Ọmọ náà tún un ṣe. Ó tún un ṣe títí ilẹ̀ fi ṣú.

Lọ́jọ́ kejì ó tún dúró. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n ti ń retí rẹ̀.

Ìgbìmọ̀ ní, ṣé ó ní ìwé ẹ̀rí? Ìgbìmọ̀ ní, ta ló mọ̀ ọ́n?
Mo ní, ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń gbé lẹ́yìnkùlé yín,
ẹran tó gé lẹ̀ ń jẹ.
Èmi tí ẹnikẹ́ni ò pè sí ìpàdé!
Wọn ò tíì dìbò. Ọjọ́ Ẹtì la ó kojú Brennick.

Lálẹ́ yìí, mo fi abẹ́rẹ́ tú orúkọ Novotny
lára ẹ̀wù náà, òwú pupa kan tẹ̀lé òmíràn.
Ojú ihò ṣì wà níbẹ̀;
bí o bá gbé e sójú iná, wàá rí i kà.
Mo wọn èjìká rẹ̀. Yóò fún Efraín láyà díẹ̀.
N ò tíì rán nǹkan kan sí i.
Mo kàn fi kọ́ sórí okùn níta,
nínú afẹ́fẹ́ tí obìnrin yẹn sá fún.